Bàálù kékeré láti Serengeti lọ sí Zanzibar: ṣé mo lè gbé màmá mi wọ̀ ọ́?

omo_ibadan_MCR

Ẹ kú ojúmọ́ o ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́ ìmọ̀ràn ni mo wá gbà, àgéǹtì ti ní kí n dá òun lóhùn kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí.

Màmá mi máa pé ẹni ọdún 70 ní February, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ ọ́ pé àwọn fẹ́ fojú ara àwọn rí kìnnìún nínú igbó, kì í ṣe èyí tí wọ́n tì mọ́lé ní súù UI. Èmi àti àbúrò mi obìnrin wá da owó jọ. Ètò tó wà nílẹ̀ báyìí ni pé èmi máa gbéra láti Manchester, màmá máa gbéra láti Lagos, ká pàdé ní Addis ní Ethiopia, ká jọ wọ bàálù dé Kilimanjaro ní Tanzania, ká ti ibẹ̀ lọ sí Serengeti, igbó ẹranko ńlá ibẹ̀, lẹ́yìn náà ká lọ sinmi létí òkun ní erékùṣù Zanzibar.

Ibi tọ́rọ̀ ti wá dojú rú ni pé àgéǹtì ní bàálù kékeré la máa wọ̀ láti Arusha lọ sí Serengeti, bàálù kékeré náà la tún máa wọ̀ lọ sí Zanzibar. Cessna Caravan ló pè é, èrò bíi méjìlá, ẹ́ńjìnì kan ṣoṣo níwájú. Kílò 15 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan lè gbé, báàgì ọwọ́ wà nínú ẹ̀ o, wọn ò sì gba sùtìkéèsì tó le. Kílò 15! Ẹ̀yin náà mọ àwọn ìyá wa, gaàrí àti èlùbọ́ nìkan á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Bọ̀dá mi àgbà gbọ́, wọ́n wá fi ìròyìn ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí, ti Caravan tó gbéra ní Diani ní Kenya ní October 2025 tó ń lọ sí igbó ẹranko Masai Mara tó já ní Kwale, gbogbo èèyàn 11 tó wà nínú ẹ̀ ló kú. Màmá ò sí nínú group yẹn, wọn ò tíì gbọ́, ṣùgbọ́n ọkàn tèmi gan-an ò balẹ̀ mọ́. Bọ̀dá ní ká gba ọ̀nà ilẹ̀. Àgéǹtì sì ní láti Arusha dé àárín Serengeti, wákàtí méje sí mẹ́jọ ni lórí ilẹ̀, apá tó pọ̀ nínú ẹ̀ ni kò sí ọ̀dà. Orúnkún ń dun màmá, wọ́n sì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Bàálù tó kéré jù tí wọ́n tíì wọ̀ rí ni ti Lagos sí Abuja.

Pápá tí àgéǹtì kọ sínú ètò pé a máa balẹ̀ sí ni Kogatende. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wọ irú bàálù yìí rí tàbí tẹ́ ẹ mọ ibẹ̀, kí ni kí n ṣe?

IyaBeji_Peckham

Àbúrò mi, fọkàn balẹ̀. Èmi àti bàbá ìbejì ti bá wọn wọ Caravan, ìyá ọkọ mi náà wà pẹ̀lú wa, wọ́n sì ju màmá tìẹ lọ lọ́jọ́ orí. Nǹkan tí kò sẹ́ni tó sọ fún wa tẹ́lẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún ẹ.

Àkọ́kọ́, ẹnu ọ̀nà wà lẹ́yìn, àtẹ̀gùn kékeré ló ní, tó o bá sì ti wọlé o ò lè nàró, o máa tẹ̀ ba rìn láàárín àga ni títí tó o fi máa jókòó. Fún ẹni tí orúnkún ń dùn, ibẹ̀ nìkan ni wàhálà wà, nígbà tí wọ́n bá ti jókòó ó ti tán. Sọ fún wọn ṣáájú pé orúnkún ń dun màmá kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n jókòó nítòsí ẹnu ọ̀nà, kí ẹni kan wà nísàlẹ̀ kí ẹni kan sì wà lókè láti dì wọ́n lọ́wọ́ mú.

Kò sí ilé ìtọ̀ nínú ẹ̀ rárá. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mìíràn sì wà tó ń mú èèyàn tọ̀ lemọ́lemọ́, ìwọ náà á mọ èyí tí wọ́n ń lò. Bi dókítà wọn bóyá wọ́n lè sún àkókò oògùn yẹn síwájú díẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, má fi ọwọ́ ara ẹ yí i padà o. Kí o sì tún bi dókítà nípa gíga tí bàálù yìí ń fò, torí wọn kì í fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀ bíi ti bàálù ńlá, tí ọkàn tàbí ẹ̀dọ̀fóró èèyàn bá ní àìlera, ó yẹ kí dókítà mọ̀.

Ìkejì, bíi danfo ló ń ṣe. Ó lè balẹ̀ síbí kó já èèyàn méjì, kó tún gbéra kó lọ gbé mẹ́ta níbòmíràn, kó tó dé ibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ. Ẹ má kàn dìde torí pé ó balẹ̀. Páílọ́ọ̀tì fúnra ẹ̀ ló máa pe orúkọ pápá náà. Ẹnì kan sọ̀ kalẹ̀ níbi tí kì í ṣe tiẹ̀ nígbà tiwa, tọkọtaya ni wọ́n, bàálù ti ń yí ìdí padà kí wọ́n tó rí i pé mọ́tò tó wá gbé wọn ò sí níbẹ̀.

Ìkẹta, òwúrọ̀, òwúrọ̀, òwúrọ̀. Lọ́sàn-án, ilẹ̀ ti gbóná, afẹ́fẹ́ á máa ru sókè, bàálù á máa fò bí ẹni ń jó. Láàárọ̀ ó dákẹ́ rọ́rọ́. Ìyá ọkọ mi sùn lọ.

Baba_Sola

Ọmọ mi, mo kí ẹ fún ohun tó o fẹ́ ṣe fún ìyá ẹ, Ọlọ́run á jẹ́ kí àwọn ọmọ tìẹ náà ṣe é fún ẹ. Ṣùgbọ́n èmi ò ní gbé ìyá mi sínú ohun tó ní ẹ́ńjìnì kan. Ti ẹ́ńjìnì yẹn bá kú lókè ńkọ́? Bọ̀dá ẹ gba ọ̀rọ̀ sọ. Ẹ gba ilẹ̀, ẹ rọra máa lọ, kí ẹ sùn lójú ọ̀nà.

Enjinia_Kay

Ẹ kú àárọ̀ sà. Iṣẹ́ mi ni títún ẹ́ńjìnì irú bàálù yìí ṣe, mo sì fẹ́ dá Bàbá lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Ẹ́ńjìnì kan yẹn kọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ bà wá lẹ́rù. PT6 ni, Pratt & Whitney ti Canada ló ń ṣe é, ẹbí ẹ́ńjìnì yìí kan náà ló wà lára bàálù King Air tó ní ẹ́ńjìnì méjì. Caravan kọ́kọ́ fò ní 1982, FedEx wà lára àwọn tó kọ́kọ́ rà á ní púpọ̀ láti máa fi kó ẹrù lọ sí àwọn ìlú kéékèèké. Ìyẹ́ rẹ̀ wà lókè, ẹsẹ̀ rẹ̀ nípọn, kì í ká a sókè, ìdí nìyẹn tó fi lè balẹ̀ sórí ilẹ̀ tó ní òkúta tí bàálù Abuja ò lè dán wò. Tí ẹ́ńjìnì bá sì kú, kì í jábọ́ bí òkúta, ó máa rọra fò wálẹ̀ ni, páílọ́ọ̀tì á wá ibi tó tẹ́jú, pẹ̀tẹ́lẹ̀ Serengeti sì kún fún ibi tó tẹ́jú.

Ohun tó ń pa èèyàn jù nínú irú ìrìn yìí, ojú ọjọ́ àti òkè ni. Ní June 2018, Caravan kan tó ń bọ̀ láti Kitale lọ sí Nairobi lọ kọlu òkè Aberdare, èèyàn 10 ló kú. Nítorí náà ohun tó yẹ kí ẹ fi ṣọ́ra ni kí ẹ má ṣe fi ara yín sínú ipò tí ẹ ó fi máa rọ páílọ́ọ̀tì. Tó bá ní kùrukùru pọ̀, ká dúró wákàtí méjì, ẹ dúró. Ẹ má fi ọjọ́ tẹ́ ẹ kúrò ní igbó ṣe ọjọ́ tẹ́ ẹ máa wọ bàálù ńlá padà sílé, ẹ fi òru kan sáàárín ó kéré tán. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn pápá yẹn ò ní iná, ojúmọmọ nìkan ni wọ́n ń fò, tí ilẹ̀ bá ṣú bá yín, ó di ọjọ́ kejì nìyẹn.

Ní ti kílò 15, kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ fìyà jẹ màmá. Gbogbo ìwúwo Caravan, òun fúnra ẹ̀, epo, èèyàn àti ẹrù, kò gbọ́dọ̀ tó tọ́ọ̀nù mẹ́rin. Tó o bá kún táǹkì epo rẹ̀ tán o ò lè kún àga rẹ̀ tán, o máa mú ọ̀kan. Wá fi kún un pé Arusha ga ju mítà 1,300 lọ sókè òkun, Seronera ní àárín Serengeti ga ju 1,500 lọ. Níbi tó ga bẹ́ẹ̀ tí oòrùn sì ń mú, afẹ́fẹ́ fúyẹ́, ìyẹ́ ò rí nǹkan gbára lé dáadáa, ẹ́ńjìnì náà ò rí afẹ́fẹ́ tó pọ̀ jẹ, bẹ́ẹ̀ pápá kúkurú ni. Kílò márùn-ún márùn-ún lórí èèyàn méjìlá ti di kílò 60, bí àgbà kan tí kò ní tíkẹ́ẹ̀tì. Tí wọ́n bá bi yín pé kílò mélòó ni ẹ̀yin fúnra yín, ẹ sọ òótọ́, tí wọ́n bá sì ní kí ẹ yí àga padà ẹ má bínú, bí ìwúwo ṣe pín níwájú àti lẹ́yìn ni wọ́n ń wò. Sùtìkéèsì tó le ò ṣeé tẹ̀ sínú àpò ẹrù tó wà lábẹ́ ikùn bàálù, ìdí tí wọn ò fi gbà á nìyẹn.

Ohun kan wà tí mi ò ní fi pamọ́ fún ẹ ṣá. Ní June 2025, EU, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, fi gbogbo ilé iṣẹ́ bàálù tó gba ìwé àṣẹ ní Tanzania sórí àkọsílẹ̀ àwọn tí kò gbọ́dọ̀ fò wọ ọ̀dọ̀ wọn, torí pé bí ìjọba ibẹ̀ ṣe ń bójú tó ọ̀rọ̀ bàálù ò tẹ́ wọn lọ́rùn. Kò túmọ̀ sí pé gbogbo bàálù ibẹ̀ ló bàjẹ́, Caravan kankan ò kúkú ń ti Arusha fò lọ Paris. Ṣùgbọ́n ka ìwé insurance tó o rà ní Manchester dáadáa, kí o pè wọ́n, kí o bi wọ́n ní tààrà pé ṣé wọ́n ń bo bàálù abẹ́lé Tanzania, kí wọ́n kọ ọ́ sínú email. Bi àgéǹtì náà bóyá páílọ́ọ̀tì méjì ló máa wà níwájú. Àwọn ilé iṣẹ́ kan ń fi méjì fò, àwọn kan ń fi ọ̀kan. Èmi á san owó lé e kí n lè rí méjì.

LayiNairobi

Enjinia ti sọ̀rọ̀. Mo kàn fẹ́ sọ pé ẹ lè gbé Kenya yẹ̀ wò náà, torí Kenya ò sí lórí àkọsílẹ̀ EU yẹn.

Pápá Wilson ni ọ̀pọ̀ bàálù sáfárì ti ń gbéra ní Nairobi níbí, orúkọ Florence Kerr Wilson ni wọ́n fi sọ ọ́, obìnrin tó dá Wilson Airways sílẹ̀ ní 1929. Safarilink wà níbẹ̀ láti 2004, Airkenya náà wà níbẹ̀. Láti Wilson dé Masai Mara kò pé wákàtí kan, láti Mara ẹ lè lọ sí Diani tàbí Lamu tó jẹ́ erékùṣù. Ti Lamu, pápá wà ní erékùṣù Manda, ọkọ̀ ojú omi ló máa gbé yín sọdá, kétékété ló pọ̀ nínú ìlú torí kọ̀rọ̀ ibẹ̀ ò gba mọ́tò. Ibẹ̀ dára gan-an fún ẹni tó fẹ́ ìdákẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n ìrìn ẹsẹ̀ pọ̀, orúnkún màmá ńkọ́?

Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo èèyàn mọ̀ ni èyí: Mara àti Serengeti jọ pààlà ni, tí ẹ bá wo àwòrán ilẹ̀ ẹ máa rò pé bàálù á kàn fo odò kọjá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èèyàn gbọ́dọ̀ gba ìmígíréṣọ̀n, nítorí náà bàálù Kenya á já yín sí Migori, mọ́tò á gbé yín kọjá bọ́dà ní Isebania, bàálù Tanzania á wá gbé yín ní Tarime. Ó ṣeé ṣe, ọ̀pọ̀ ń ṣe é, àmọ́ pẹ̀lú ìyá ẹni ọdún 70, ẹ mú orílẹ̀-èdè kan kí ẹ dúró síbẹ̀. Tí ẹ bá sì ń gba JKIA, pápákọ̀ ńlá Nairobi, wọlé, Wilson jìnnà síbẹ̀, go-slow Nairobi lè mú inú bí yín.

Sisi_Arusha

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Arusha níbí ni mo ń gbé, iṣẹ́ ètò sáfárì ni mò ń ṣe, mo sì ń ka ọ̀rọ̀ yìí láti òkè, ẹ̀rù bà mí nígbà tí mo rí "February" àti "Kogatende" nínú ètò kan náà.

Kogatende wà ní àríwá pátápátá, létí odò Mara. Ibẹ̀ ni àwọn wildebeest, ẹran oníwo tó ń rìn lágbo ńlá, máa ń sọdá odò tí ọ̀nì ń dúró dè wọ́n, láàárín July sí October. Ní February, wọn ò sí níbẹ̀! Gúúsù ni wọ́n wà, ní agbègbè Ndutu, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bímọ láti ìparí January títí wọ inú March, ọmọ wọn á bọ́ sílẹ̀, láìpẹ́ ó ti ń sáré. Níbi tí ọmọ ẹran bá pọ̀ sí, kìnnìún àti cheetah wà níbẹ̀. Màmá fẹ́ rí kìnnìún, Ndutu ni kí ẹ gbé wọn lọ. Mi ò mọ ìdí tí àgéǹtì yẹn fi kọ Kogatende, bóyá ètò July ló kàn yí ọjọ́ padà lórí ẹ̀. Bi í.

Tó bá sì ti di Ndutu, ọ̀rọ̀ bàálù àti mọ́tò yí padà nìyẹn, Bàbá Ṣọlá àti Enjinia á rí i pé àwọn méjèèjì ló jàre. Ọ̀nà láti Arusha dé Karatu ní ọ̀dà, ó sì dán, bíi wákàtí mẹ́ta. Ẹ sùn sí Karatu. Lọ́jọ́ kejì, ẹ sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò ńlá Ngorongoro kí màmá rí erin àti ẹfọ̀n àti erinmi níbi kan náà láìsọ̀ nínú mọ́tò. Ẹ mú súwẹ́tà dání fún wọn, etí kòtò náà ga ju mítà 2,000 lọ, òtútù ibẹ̀ láàárọ̀ ń wọ eegun, orúnkún ò sì fẹ́ òtútù. Lẹ́yìn náà Ndutu ò jìnnà mọ́. Ibi tí ọ̀nà ti ń jó lẹ́yìn géètì Ngorongoro, ẹ máa gbà á díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe wákàtí mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Nígbà tí ẹ bá ń kúrò, ẹ wá wọ bàálù. Ẹ̀ẹ̀kan péré, láàárọ̀. Ndutu ní pápá tiẹ̀, Seronera náà wà. Ọ̀pọ̀ ìgbà wọ́n máa já yín sí Arusha kí ẹ tó wọ èyí tó ń lọ sí Zanzibar, màmá á rí ilé ìtọ̀ lò níbẹ̀, á na ẹsẹ̀. Auric Air àti Regional Air wà lára àwọn tó ń rìn ọ̀nà wọ̀nyí. Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni wọ́n sábà máa ń fìdí àkókò múlẹ̀, torí náà kí fóònù àgéǹtì wà ní títàn.

Nǹkan méjì tó ń mú àwọn èèyàn wa: Kilimanjaro àti Arusha, pápá méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ti Kilimanjaro ni bàálù Ethiopian máa já yín sí, ó tó kìlómítà 50 sí ìlú Arusha, ti Arusha tí bàálù kékeré ń lò sì wà lódìkejì ìlú. Ìkejì, wọ́n á ní kí ẹ fi ẹrù tó kù sí hòtẹ́ẹ̀lì ní Arusha. Ó dára fún ẹni tó ń padà sí Arusha. Ẹ̀yin ò padà, Zanzibar lẹ máa gbà lọ sílé! Ẹ san owó kílò tó lé ṣáájú, nígbà tí ẹ bá ń búkì, tàbí kí ẹ jẹ́ kí àgéǹtì fi ẹrù náà ránṣẹ́ sí Zanzibar kó sì fún yín ní ìwé ẹ̀.

omo_ibadan_MCR

Sisi_Arusha, Ọlọ́run á bù kún yín. Mo pe àgéǹtì ní kíá, ó gbà pé ètò July ni òun lò, ó ti yí i sí Karatu, Ngorongoro, Ndutu, ká wá wọ bàálù lẹ́ẹ̀kan láti Ndutu. Mo fi ohun tí ẹ kọ ránṣẹ́ sí bọ̀dá, wọ́n ní tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan, tó sì jẹ́ àárọ̀, àwọn gbà. Insurance ni mo ń dúró dè báyìí, mo ti kọ email sí wọn bí Enjinia ṣe ní. Dókítà màmá náà ti ní kí wọ́n wá rí òun.

Ó wá ku ẹrù o. Màmá ti ń di ẹrù láti ìsinsìnyí, gbogbo nǹkan ló wà nínú láílọ́ọ̀nù, láílọ́ọ̀nù nínú láílọ́ọ̀nù.

IyaBeji_Peckham

Haa, tètè sọ fún wọn! Tanzania ti fòfin de láílọ́ọ̀nù láti 1 June 2019, àlejò náà wà nínú òfin yẹn, wọ́n lè gbà á ní pápákọ̀. Èyí tó ní síìpù tí wọ́n ń kó ọṣẹ àti ìpara sí ò burú, wọ́n gbà á láàyè. Bá wọn ra báàgì aṣọ, kí wọ́n da gaàrí sínú ike tó ní ìdérí. Kí gaàrí sì jẹ́ díẹ̀, ìrẹsì àti ẹ̀wà wà níbẹ̀ yafuyafu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú, ugali wọn náà kò jìnnà sí tùwó àgbàdo, ebi ò ní pa màmá.

Sisi_Arusha

Inú mi dùn gan-an. Ẹ jẹ́ kí n fi ìwé kún un kí ọ̀rọ̀ má bàa bàjẹ́ ní Lagos. Tó bá jẹ́ passport Nàìjíríà ni màmá ń lò, físà wọn kì í jáde kíákíá bíi ti passport UK tìẹ, wọ́n máa ń gbé e yẹ̀ wò kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, nítorí náà ẹ fi sílẹ̀ lóṣù yìí, ẹ má dúró de January. Yẹ́lò káàdì wọn gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́, èyí tí wọ́n gba abẹ́rẹ́ ẹ̀ lóòótọ́. Zanzibar ní insurance tiẹ̀ tí gbogbo àlejò gbọ́dọ̀ rà láti 1 October 2024, dọ́là 44 ni fún àgbàlagbà, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń rà á, kò sì sí èyí tó o rà ní Manchester tó lè rọ́pò ẹ̀. Kí ẹ̀yin méjèèjì tẹ̀ ẹ́ sórí pépà, torí wọ́n lè wo ìwé yín ní Zanzibar bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú Tanzania náà lẹ ti ń bọ̀.

Ní ti àga iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ páílọ́ọ̀tì, tí ẹnì kan bá fi lọ màmá nítorí ọjọ́ ìbí wọn, ẹ ní kó má bínú. Gígun ibẹ̀ ga ju ti ẹ̀yìn lọ, orúnkún wọn ò ní fẹ́ ẹ. Apá òsì ni kí ẹ wá nínú bàálù tó ń ti Arusha lọ sí Zanzibar tí òfuurufú bá mọ́, Kilimanjaro sábà máa ń hàn láti ibẹ̀.